Tí ìjọba bá ń fi Interpol dọdẹ alátakò rẹ̀, ibo la ti lè dá a dúró?

Adéọlá_B:
Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹnì kan sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí òṣèlú, orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti gbà á bí asásàálà. Ìjọba tó sá fún wá fẹ̀sùn jìbìtì kàn án, wọ́n sì gba Red Notice lé e lórí, ìyẹn ìkéde tí Interpol, àjọ tó so ọlọ́pàá àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀, fi ń ní kí wọ́n wá ẹnì kan rí, kí wọ́n sì dá a dúró. Ṣé dandan ni kí ọlọ́pàá ibikíbi tó bá dé mú un? Ta ló lè yẹ Interpol lọ́wọ́ wò?

Àlàyé_Òfin:
Kì í ṣe dandan. Red Notice kì í ṣe ìwé àṣẹ ìfinimú. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí ọlọ́pàá ibẹ̀ lè fi ṣe. Abala 3 ìwé òfin Interpol ò sì jẹ́ kí wọ́n dá sí ọ̀ràn òṣèlú, ológun, ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà rárá. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ló máa kọ "òṣèlú" sínú ìwé tó ń fi ránṣẹ́ sí Lyon, ìlú Faransé tí olú iléeṣẹ́ Interpol wà? Àlàyé ẹ̀sùn ni kẹ́ ẹ kà dáadáa: kí ni ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe, ìgbà wo, èló ló wọ ọwọ́ rẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó wà àti ipò tó dì mú nìkan ni wọ́n kọ, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ máa fi jà.

Mojí_Agbẹjọ́rò:
CCF ni kó kọ̀wé sí, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fáìlì Interpol. Ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá ti gba ìwé náà wọlé, wọ́n ní oṣù 4 láti fèsì fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lórí òun, oṣù 9 fún ẹni tó ní kí wọ́n pa á rẹ́. Lára ohun tó ń dá ìwé padà ni pé kò fọwọ́ sí i, kò fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ sí i, tàbí agbẹjọ́rò kò fi ìwé àṣẹ oníbàárà rẹ̀ há a. Kó fi ẹ̀rí pé asásàálà lòun síwájú, torí ìlànà Interpol ò gbà kí ìlú tí èèyàn sá kúrò fi Red Notice wá a.

Àlàyé_Òfin:
Òótọ́ ni, àmọ́ kó má fi mọ síbẹ̀. Wọ́n mú Hakeem al-Araibi, agbábọ́ọ̀lù tí Ọsirélíà gbà bí asásàálà, ní Bangkok lóṣù kọkànlá 2018, nítorí Red Notice tí Bahrain béèrè. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni Interpol fagi lé e, síbẹ̀ oṣù kejì 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n pa rẹ́ ní Lyon ṣì lè wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn aṣọ́bodè. Kó gba lẹ́tà CCF tó fi hàn pé wọ́n ti pa á rẹ́, kó máa mú ẹ̀dà rẹ̀ rìn. Tí wọ́n bá mú un, kó ké sí UNHCR, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn asásàálà, kó sì kọ̀ kí wọ́n pe ẹ́ḿbásì ìlú tó sá kúrò.