Ẹni tó bá ti jókòó ti èèyàn ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú ojúmọ́ o. Tí wọ́n bá ní ká wá ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, owó àti ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é nìkan la máa ń bá kiri, a kì í sọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Fáàfù ọkàn màmá mi, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, ló bàjẹ́. Ọ̀fun dídùn tí wọn ò tọ́jú dáadáa nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, rheumatic làwọn dókítà ń pè é, nígbà tó yá wọn ò lè gun òkè dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láìdúró mí. Wọ́n pààrọ̀ fáàfù yẹn, dókítà jáde wá, ó ní ó lọ dáadáa, gbogbo wa ti ń dúpẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ti ń pe ilé. Àfi bó ṣe di alẹ́ tí wọ́n ní ká máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ màmá mi, ó tutù bí omi inú àmù. Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí, wọn ò lè sọ̀rọ̀, mo wá wo àpò ìtọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀ báyìí ló wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ti mú òrí jáde pé àwọn fẹ́ fi ra wọ́n lẹ́sẹ̀ kó lè móoru. Nọ́ọ̀sì ní rárá mà, òtútù yẹn ò ti ìta wá. Ó ní ọkàn ò tíì lágbára láti gbé ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo ibi, ara wá ń fi ẹ̀jẹ̀ du ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí ìwọ̀nba tó wà lè dé ọpọlọ àti ọkàn fúnra ẹ̀. Kíndìnrín náà ò rí tó, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi dín kù.

Dókítà tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run á bá mi san án fún un, ṣàlàyé pé wọ́n ní láti dá ọkàn dúró kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ lára fáàfù, ẹ̀rọ ló ń bá a gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ní gbogbo àkókò yẹn, tí wọ́n bá wá jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ná. Ọkàn àgbàlagbà tó lálàáfíà máa ń ti bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní tó bá ti rẹlẹ̀ gan-an sí bí ara ẹni náà ṣe tóbi tó, ohun tá à ń wò yẹn nìyẹn.

Ohun tó wù mí ni pé wọn ò kàn sáré da oògùn sí i. Wọ́n kọ́kọ́ wádìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dín kù lára ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dà jọ yí ọkàn ká tó ń fún un mọ́, ṣé ọkàn ló ń lù falẹ̀ jù àbí ó ń sáré, àbí iṣan ẹ̀ ló rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ echo tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ wá síbi bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní iṣan ẹ̀ ló rẹ̀. Dobutamine, oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ kó lè lù dáadáa, ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń tì í sára díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá wọ́n fi milrinone, oògùn míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kún un. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń ṣú kí ẹsẹ̀ wọn tó móoru. Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ dé, nọ́ọ̀sì yẹn ní "ìtọ̀ ti ń bọ̀ o", mo bú sẹ́kún.

Àwọn oògùn yẹn kì í dúró lọ́sàn-án lóru, àwa la sì ń sáré rà wọ́n, torí náà ẹ má ná gbogbo owó tán sórí iṣẹ́ abẹ nìkan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Adó:
Ẹ ṣeun àbúrò mi. ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tó nílò ìtọ́jú lójú méjèèjì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. BP (ìfúnpá) tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan lẹ̀yin ẹbí máa ń tẹjú mọ́, BP lè dáa kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ara má tó, torí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ti fún ara wọn mọ́ra láti gbé e ró. Èmi máa ń tẹ èékánná títí á fi funfun, mo máa wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó pọ́n padà, tó bá ti ń pẹ́ mo ti ń pe dókítà. A tún máa ń gba ẹ̀jẹ̀ wò fún lactate, tó bá ń gòkè, ara ò rí afẹ́fẹ́ tó nìyẹn. Èyí tó máa ń já mi láyà jù ni rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde láyà, tó bá ti ń dà tó wá dédé dúró tí BP sì ń wálẹ̀, ẹ má rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí i, tí ìyókù ń dà jọ yí ọkàn ká. Ìyẹn kì í ṣe ti oògùn, tíátà ni wọ́n máa gbé e padà sí kíákíá.

Bàbá Ìjerò:
Ihò wà lọ́kàn ọmọ mi obìnrin, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tún há. Wọ́n ti sọ fún wa pé ti ọmọdé, láàárín wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ọkàn sábà máa ń rẹ̀ jù, ká má bẹ̀rù. A bẹ̀rù náà ni o. Mo wọlé mo rí i pé wọn ò tíì pa àyà ọmọ dé, wọ́n kàn fi nǹkan bò ó, orúnkún mi yẹ̀. Wọ́n ní ọkàn ẹ̀ wú, táwọn bá pa àyà dé mọ́ ọn ó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kún inú ẹ̀, ká jẹ́ kó fà ná. Wọ́n padà pa á dé. Ó ti ń lọ síléèwé báyìí.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ má bínú pé tèmi ò dùn. Ọkàn bàbá mi ti rẹ̀ gan-an kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Oògùn kan tẹ̀ lé òmíì, kò gbé e. Wọ́n wá ń sọ ti bàlúùnù kan tí wọ́n máa ń ti itan kì bọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, tó máa ń wú tí ọkàn bá sinmi tó sì máa ń sọ̀ tó bá fẹ́ lù, kó lè dín wàhálà ọkàn kù. Ibi tá a wà ò ní in. ECMO tó ń gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe, wọn ò ní ìyẹn náà. Bàbá lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ká béèrè, ó ṣì ń dùn mí.

Bàbá Ìbejì, Ìdó:
Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyàwó mi ni wọ́n ní ká wá ṣe é fún, ẹbí ní India la máa gbé e lọ. Àǹtí, kí la máa béèrè?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Adó:
Bàbá Ìbejì, 1974 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Enugu, ilé ìwòsàn yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD) ní Adó níbí náà ti ń ṣe é. Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ béèrè ta ló máa wà nídìí ẹ̀ lóru, ṣé echo wà tí wọ́n lè gbé wá síbi bẹ́ẹ̀dì, ṣé milrinone àti dobutamine wà nílẹ̀ àbí ẹ̀yin lẹ máa lọ wá a, tí oògùn ò bá sì gbé e, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ní. Ìyàwó yín tó kílò mélòó? Tí wọ́n bá tó 60, ìtọ̀ wọn ò yẹ kó dín ní ml 30 ní wákàtí kan.