Hamartia: ẹ̀ṣẹ̀ ni, àléébù ni, àbí àṣìta?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá méjèèjì tí ẹ mú wá lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi túmọ̀ hamartia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ayé àtijọ́, lò nígbà tó ń ṣàlàyé eré tó ń parí sí ẹkún. Àwọn kan ní ká pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn náà ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun ti èdè Gíríìkì níbi tí Bíbélì wa ti kọ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn yòókù fara mọ́ àléébù. Èmi ò fara mọ́ ìkankan.

Aristotle fúnra rẹ̀ ti dínà mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ẹni tí irú eré bẹ́ẹ̀ dá lé kì í ṣe ẹni tí ìwà rere rẹ̀ ta gbogbo èèyàn yọ, kì í sì í ṣe ìkà. Hamartia kan ló gbé e ṣubú, ìwà burúkú kọ́. Àléébù ńkọ́? Ara èèyàn ni àléébù ń gbé, ó lè wà níbẹ̀ títí ayé láìpa ẹnì kankan lára. Ohun tí à ń sọ yìí, èèyàn ṣe é ni.

Ẹ wo Oedipus nínú eré Sophocles. Wọ́n ti sọ fún un ní Delphi, ojúbọ tí wọ́n ti ń dífá fún èèyàn, pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ló bá kọ ẹ̀yìn sí Kọ́ríńtì, torí ó gbà pé àwọn tó tọ́ òun níbẹ̀ ló bí òun. Ó dé oríta mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fipá tì í kúrò lọ́nà. Ó lu awakọ̀ náà. Bó ti ń kọjá lọ, bàbá arúgbó tó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ fi ọ̀pá ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń da ẹṣin là á mọ́ àárín orí. Oedipus náà fi ọ̀pá rẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, arúgbó ré bọ́ sílẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ nìyẹn.

Ìbínú wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ohun tó ń sá fún gan-an ló lọ bá lójú ọ̀nà, kò sì mọ̀.

Nínú ewì Homer, ọ̀rọ̀-ìṣe tí hamartia ti wá ni wọ́n ń lò fún ọ̀kọ̀ tí kò ba ẹni tí wọ́n jù ú sí. Àwa náà ní tàsé. Ṣùgbọ́n ọfà tó tàsé lè wọgbó lọ láìṣe nǹkan kan. Ti Oedipus ba èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká lo àṣìta, bíi àṣìgbọ́ àti àṣìlò: onítọ̀hún fojú sun nǹkan kan, òmíràn ló bà. (Ẹ jọ̀wọ́, ohùn àárín ni kẹ́ ẹ fi pe "ta" yẹn o, kí wọ́n má baà rò pé ọjà la tà sọ nù.) Mi ò ní bá ẹni tó bá fi àṣìṣe sẹ́nu òṣèré jà, ṣùgbọ́n àṣìṣe gba gbogbo nǹkan, títí dórí ìṣirò ọmọ ilé-ìwé.

Lórí moira, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kejì tí à ń wá ìtumọ̀ fún, ìpín ló bá a mu, torí ìpín náà ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lédè wọn. Nínú ewì Homer, Zeus pàápàá, ọba àwọn òrìṣà wọn, rò ó bóyá kí òun gba Sarpedon ọmọ òun lọ́wọ́ ikú tó jẹ́ ìpín rẹ̀. Hera ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ fún ìpín rẹ̀. Ẹni tó wá kọ àkúnlẹ̀yàn fún Oedipus ti kọjá ààlà, nítorí kò síbi tí eré náà ti sọ pé ó yan ohunkóhun. Ìparí Republic, ìwé Plato tó jẹ́ olùkọ́ Aristotle, ni àkúnlẹ̀yàn ti wúlò: níbẹ̀, ọkàn kọ̀ọ̀kan ń yan ìgbésí ayé tó fẹ́ wá gbé, olùkéde sì ń sọ fún wọn pé ọrùn ẹni tó yàn ni ẹ̀bi wà, kò kan ọlọ́run.

Ó ku ọ̀rọ̀ Gíríìkì kẹta, hubris, tí gbogbo wa kàn ń pè ní ìgbéraga. Ní Athens àtijọ́, ẹ̀sùn tó ń gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́ ni, bí ẹnì kan bá lu ẹlòmíràn láti fi tẹ́ ẹ. Ìwọ̀sí ni mo fẹ́ dá lábàá. Kí lẹ rí sí i?