Pámíìtì ọ̀sán ni mo rí fún Sky Pond, ẹ gbà mí o

Àǹtí Ṣadé (Houston)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Sátidé tó ń bọ̀ yìí lèmi àtàwọn àbúrò mi fẹ́ gun òkè lọ sí Sky Pond, adágún kan tó wà lórí òkè ní Rocky Mountain National Park ní Colorado. A ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, a ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé pámíìtì ni wọ́n fi ń wọ Bear Lake Road, ọ̀nà mọ́tò tó lọ síbẹ̀, kí n sì tó dé orí recreation.gov, ti aago méjìlá sí méjì ọ̀sán nìkan ló kù. Mo ti rà á. Ṣé tá a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago kan, a máa débẹ̀ ká sì padà kílẹ̀ tó ṣú? Èèyàn márùn-ún ni wá, àbúrò ọkọ mi wà nínú wa. Alẹ́ Fúráídè la máa balẹ̀ sí Denver. Bàtà kẹ́ǹfáàsì la ní. Orí mi ti dàrú, ẹ má bínú.

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Ẹ kú ìrìn, Àǹtí. Ẹ fara balẹ̀. Pámíìtì yẹn dáa fún Alberta Falls, omi tó ń já lórí àpáta nítòsí, ó tiẹ̀ lè dáa fún The Loch, adágún tó wà lójú ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ yín bá yá. Fún Sky Pond, rárá o. Láti Glacier Gorge tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àlọ àtàbọ̀ tó máìlì mẹ́sàn-án. Ẹni tí òkè ò mọ́ lára á lo wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú lásìkò yìí, òkùnkùn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún yín. Àrá ni. Oṣù Keje sí ìkẹjọ níbí, ojú ọ̀run á mọ́ kedere láàárọ̀, òjò á máa kóra jọ lẹ́yìn òkè níbi tẹ́ ò ti lè rí i, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi gbúròó rẹ̀, ó ti dé orí yín. Lókè yẹn kò sí igbó téèyàn lè sá wọ̀, àpáta ni gbogbo ẹ̀. Ní aago mọ́kànlá sí méjìlá, ó yẹ kẹ́ ẹ ti máa bọ̀ nílé.

Nǹkan méjì lẹ lè ṣe. Aago méje alẹ́ Fúráídè, wọ́n máa tú pámíìtì ọjọ́ kejì díẹ̀ sílẹ̀. Aago Colorado ni mo wí o, ẹ yí fóònù yín. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ wọlé kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Ẹni tó bá ti wọlé ṣáájú márùn-ún, kò sẹ́ni tó máa bi í ní pámíìtì.

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
“Ṣáájú márùn-ún” yẹn, ẹ fi okùn so ó mọ́ra o. Èmi àti ìdílé mi jí ní aago méjì òru, gbogbo nǹkan ti wà nínú ọkọ̀, ìyàwó mi ní dandan àfi kóun dín dòdò tí a máa jẹ lọ́nà. A dé géètì nígbà tí aago márùn-ún ti kọjá díẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n yí ọkọ̀ padà. Yàrá mẹ́ta ni mo sanwó fún ní Estes Park! Inú ọkọ̀ la ti jẹ dòdò yẹn, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Alhaja (Bowie, Maryland)
Ṣé dòdò yẹn dùn ṣá?

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
Alhaja, ó dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi (Denver)
Pámíìtì, pámíìtì. Kò tíì sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe kókó. Àǹtí Ṣadé, kí ni jínótáìpù àwọn márààrún?

Etí òkun lẹ ti ń bọ̀, Denver lẹ máa sùn mọ́jú, ọjọ́ kejì ẹ máa wà ní 10,900 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí èémí téèyàn ń mí ò ti ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Houston lọ. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má dá a lábàá, kó tiẹ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó wá sí Colorado rárá. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ tó ń bọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí spleen, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, máa ń dá wọn lóró lókè yẹn, pàápàá tí wọ́n bá ń lo agbára, tí wọn ò sì mu omi. Lábẹ́ egungun ìhà òsì ló ti máa ń dùn wọ́n, èébì lè tẹ̀ lé e. Ẹ má fún un ní Panadol kẹ́ ẹ ní kó máa bọ̀. Ẹ jọ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọsibítù ló kàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni, torí ọ̀pọ̀ wọn ò ní bi yín.

Àwọn AA náà, kẹ́ ẹ má yọ̀ jù. Orí fífọ́ àti inú rírú ò mọ jínótáìpù. Tí agbára bá wà, ẹ sun Estes Park lálẹ́ kan tàbí méjì ná.

Gbénga (Atlanta)
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Èmi ni AS tẹ́ ẹ ń sọ yẹn. A ti kọjá The Loch nígbà tí ìhà òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi. Mo sọ fún àwọn tá a jọ lọ. Ẹnì kan tó wà nínú gúrúùpù yìí, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ní ẹ̀wà tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, pé tí mo bá sáà ti dá a sílẹ̀ ara á tù mí. Mo fi ìrora yẹn gun àpáta ẹ̀gbẹ́ Timberline Falls, omi tó ń já kéèyàn tó dé òkè. Mo rí Sky Pond ṣá. Mo bì sí i létí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní ọsibítù, owó tí wọ́n kọ fún mi, màmá mi ò tíì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
Gbénga, má bínú, ìwọ lo jẹ̀bi. Àgbàlagbà ni ọ́, o mọ jínótáìpù rẹ. Ìrora tó ń gún ẹ, ta ló máa bá ẹ gbọ́ ọ?

Alhaja (Bowie, Maryland)
Ẹ̀bi ẹni tó ṣáájú wọn ni o, Bàbá Tọ́lá. Tí èèyàn bá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sórí òkè, ó yẹ kó ti bi wọ́n ní gbogbo ìyẹn nílé.

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Ó dáa, èmi ni. Èmi ni mo ní ẹ̀wà ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó sọ fún mi pé AS lòun. “Inú ń run mí” ló sọ. Ẹni tó jẹ abọ́ ẹ̀wà méjì níṣojú mi ló ní inú ń run òun!

Gbénga (Atlanta)
Ìhà ni mo sọ. N ò sọ inú.

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Inú lo sọ. O tún ní ká máa lọ, pé o ò sanwó ọkọ̀ láti Atlanta kó o wá wo igi.

Gbénga (Atlanta)
Ìyẹn ni mo sọ lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi (Denver)
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wò ó. Ẹni tí ara ń ro lórí òkè kì í lè ro nǹkan dáadáa, torí náà kì í ṣe òun ló yẹ kó dá a bóyá ká máa lọ. Kí wọ́n ti fi àdéhùn sí i látilẹ̀. Ẹnì kan bá ní nǹkan ń ṣe òun, gbogbo yín lẹ ń padà. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ létí The Loch pé ẹ ń bọ̀ wá mú un.

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
Gbogbo èèyàn? Ẹni mẹ́rin tí nǹkan ò ṣe? Kí ẹnì kan tẹ̀ lé e kọ́ ló yẹ?

Alhaja (Bowie, Maryland)
Bàbá Tọ́lá, ṣé torí dòdò yẹn lẹ ṣe ń kanra báyìí?

Àǹtí Ṣadé (Houston)
Mo ti bi wọ́n léèrè. Àwa méjì jẹ́ AA, méjì jẹ́ AS. Àbúrò ọkọ mi ní òun ò mọ tòun, pé ìgbà tóun wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn. Ibo ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá ní Houston? Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ńkọ́? Ẹnì kan ní Timberline Falls lewu, òótọ́ ni?

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Kò le púpọ̀ láti gùn. Sísọ̀ ló le. Omi máa ń ṣàn lórí àpáta níbi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ gan-an, ó tutù, ó ń yọ̀, àwọn tó ń bọ̀ ń dúró de àwọn tó ń lọ, gbogbo èèyàn ń wo ara wọn. Ibi tó dà bíi pé ẹsẹ̀ lè dúró, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ gbá a wò. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ kọjú sí àpáta, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn sọ̀ bí ẹni ń sọ̀ lórí àkàbà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì di nǹkan mú kẹ́ ẹ tó ṣí ẹsẹ̀ kan. Oṣù Kẹfà, yìnyín ṣì máa ń wà níbẹ̀, nígbà yẹn ẹni tí kò ní microspikes, irin ṣóńṣó tí wọ́n ń so mọ́ bàtà kó má baà yọ̀, kó padà. Ẹ má wọ jíǹsì. Tí jíǹsì bá tutù lókè yẹn, kò ní gbẹ mọ́.

Nǹkan mìíràn rèé. Lẹ́yìn Timberline, adágún tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí, Lake of Glass ni. Sky Pond ṣì wà níwájú. Ẹ wo fọ́tò tí Bàbá Tọ́lá fi sórí Facebook lọ́dún tó kọjá, ẹ wò ó dáadáa.

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
Irọ́ ni!

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Bàbá, òkè ṣóńṣó-ṣóńṣó tó ń jẹ́ Sharkstooth dà nínú fọ́tò yín? Kò sẹ́ni tó dúró létí Sky Pond tí kò ní rí i.

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
Kùrukùru bò ó.

Lékan (Calgary)
Kùrukùru, nínú fọ́tò tí oòrùn ń ràn! 😂😂 Bàbá, ẹ wá sọ́dọ̀ wa ní Alberta, àwa ò ń dààmú èèyàn. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ Lake Louise gòkè lọ sí Lake Agnes, omi ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta níbẹ̀, ilé tíì wà lórí ẹ̀ láti 1901. Ẹ máa gun òkè, ẹ máa mu tíì, ẹ máa sọ̀.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi (Denver)
Lékan, Moraine Lake yín tẹ́ ẹ ti lé gbogbo mọ́tò aládàáni kúrò níbẹ̀ láti 2023 ńkọ́? Tiwa ṣì fàyè gba èèyàn tó bá jí.

Ìjẹ̀ṣà Peckham
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ariwo yín ti pọ̀ jù. Àwa gun Yr Wyddfa ní Wales láìgba pámíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A gbé ìrẹsì nínú kúlà, a jẹ ẹ́ lórí òkè.

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Òkè tí reluwé ti ń gùn láti 1896? Àgbà, 1,085 mítà ni òkè yín. Ibi tí àwa ń páàkì ọkọ̀ sí ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹsẹ̀ ni àbí tíkẹ́ẹ̀tì?

Ìjẹ̀ṣà Peckham
Ẹsẹ̀ la fi lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì la fi bọ̀. Orúnkún mi kì í ṣe ti ìjọba.

Alhaja (Bowie, Maryland)
Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó gbàgbé, omi adágún yẹn, bó ti wù kó mọ́ gaara tó, ẹ má bù ú mu láìsẹ́ ẹ. Ọmọ mi fi ike bu omi The Loch, ó ní Ọlọ́run ló sẹ́ ẹ. Ó ti padà sílé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀. Giardia, kòkòrò inú omi, ni wọ́n pè é. Èmi ti ní ọbẹ̀ mi ló fà á, mo ti dà á nù.

Gbénga (Atlanta)
Alhaja, ọbẹ̀ wo lẹ dà nù?

Alhaja (Bowie, Maryland)
Gbẹ̀gìrì. Má rán mi létí.

Lékan (Calgary)
Ìkòkò gbẹ̀gìrì! Ní Calgary níbí, ẹ̀wà tí wọ́n ń tà fún wa, téèyàn bá sè é láti àárọ̀, alẹ́ ló ń rọ̀. Ẹ ò mọyì nǹkan o.

Àǹtí Ṣadé (Houston)
A dúpẹ́ o. Bàtà kẹ́ǹfáàsì yẹn, ṣé ó ṣeé wọ̀ àbí ká lọ ra bùútù? Mo tún fẹ́ mú gèlè kékeré dání fún fọ́tò.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi (Denver)
Atẹ́gùn Lake of Glass! Àǹtí, gèlè yẹn, Nebraska lẹ ti máa lọ mú un.

Ìjẹ̀ṣà Peckham
Gèlè ló rán mi létí. Ọdún Àjíǹde kan, gbogbo kíláàsì wa lọ sí Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àǹtí tíṣà wa wé gèlè lọ. Ìpele kìíní, omi ti gbà á. Ó ní ká máa bọ̀, kò sẹ́ni tó bọ̀. Omi yẹn ń ta sí wa lójú, gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́ wa. Kò sí pámíìtì, kò sí shuttle, bàbá kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ìdànrè (Aurora)
Ẹ dákẹ́, ẹ má jẹ́ kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé. Àwa náà, lórí òkè làwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó kó wá sísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, ìyá àgbà mi ń gbé ẹrù gùn ún. Èmi tí mò ń fi microspikes yangàn níbí, ojú ń tì mí.

Lékan (Calgary)
Olúmirin, ìpele méje ló ní, àbí? Ta ló ti dé ìkeje nínú gbogbo wa?

Ìjẹ̀ṣà Peckham
Èmi dé ìkẹta. Wọ́n ní ẹni tó bá gùn ún tán, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló máa bá ara rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Chicago)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, n ò sọ nǹkan kan. Ní báyìí tẹ́ ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́, ọ̀dọ̀ wa lókè lomi yẹn ti ń bọ̀, Ìjẹ̀ṣà ló wá ń já tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Owó wa dà?

Ìjẹ̀ṣà Peckham
Owó wo? Ẹ bá wa di omi yín mú sókè lọ́hùn-ún ná, tẹ́ ẹ bá lè dì í.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (Chicago)
Ọ̀ṣọ́mààló! Ẹ ń sin gbèsè lọ́wọ́ gbogbo ayé, tó bá kan tiyín ẹ ò ní san.

Bàbá Tọ́lá (Dallas)
Kùrukùru ló bò ó o, ẹ gbọ́. Mo ní fọ́tò mìíràn nílé.