Irú táńkì wo lẹ rà fún epo tó ń mú ilé yín móoru, kí sì ni ojú yín rí?

Àkọ́bí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Táńkì epo tó wà lẹ́yìn ilé wa ti dógùn-ún débi pé bí mo bá fọwọ́ pa á nídìí báyìí, ìpẹtà á máa bọ́ sílẹ̀ bí èépá. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí òtútù tó dé. Mo ti rí onírin, mo ti rí onírọ́bà, mo rí èyí tó ní awọ kan, ìyẹn ògiri ara táńkì, àti èyí tó ní méjì. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kí n ṣáà mú èyí tó tóbi jù tí owó mi bá ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti yín fún mi.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, fara balẹ̀ kí n sọ fún ọ. Títóbi táńkì kọ́ ló kó èmi sí wàhálà, ilẹ̀ tó jókòó lé ni.

Onírọ́bà la rà, 1,200 lítà, awọ kan. Nígbà tó ṣófo, èèyàn méjì ló gbé e láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, wọn ò sì mí hẹlẹ. Ìyẹn ló tàn wá jẹ. A to òkúta pẹlẹbẹ mẹ́fà sórí ilẹ̀ lásán, a gbé e lé e, ó parí. A ò rò ó pé lítà kẹrosíìnì kan tó nǹkan bí 0.8 kílò, pé bí táńkì náà bá kún, epo inú rẹ̀ nìkan á tó 960 kílò.

Òjò rọ̀, yìnyín bọ́, yìnyín yọ́, ilẹ̀ rọ̀, òkúta apá kan sì rì. Bí igun táńkì ṣe wà lófuurufú nìyẹn. Onírin lè dúró lórí ẹsẹ̀, onírọ́bà ò lè ṣe é. Gbogbo ìdí rẹ̀ pátá ló gbọ́dọ̀ jókòó sórí ohun tó tẹ́jú tó sì le. Ibi tí nǹkan kan ò bá ti gbà á dúró, ibẹ̀ ni á máa tẹ̀, á máa fà, títí á fi là. Tiwa yọ ikùn. Mo rí ikùn náà o. Mo tiẹ̀ pe ọkọ mi wá wò ó, a ní oòrùn ló ràn án.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn epo nílé ìdáná. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bínú sí bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń jó epo láti mú ilé móoru. Ọjọ́ tí mo wá lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn táńkì, mo rí ìlà kan nídìí igun, kò nípọn ju irun orí lọ, ó ń dán. Mo fi ìka kàn án, ó ń yọ̀. Gbogbo koríko tó wà níbẹ̀ ti gbẹ. Kì í ṣe pé epo náà dà gọ̀ọ́rọ̀ tí a ò rí i, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlẹ̀, tó fi gba abẹ́ ògiri bọ́ sábẹ́ ilé wa. Wọ́n hú ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kó erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ, wọ́n fọ́ gbogbo ilẹ̀ ilé ìdáná. Oṣù mẹ́rin la fi wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ká mú ẹ̀rí wá pé ẹni tó mọṣẹ́ ló gbé e kalẹ̀. Kí la fẹ́ fi hàn wọ́n, òkúta mẹ́fà?

Èyí tí a ní báyìí, táńkì inú táńkì ni. Ti inú ló gba epo. Ti ìta gbọ́dọ̀ lè gba ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ti inú ń gbà, kí epo tó bá jò lè dúró síbẹ̀ láìkan ilẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “awọ méjì” pa ọ́ lẹ́nu mọ́, nítorí òmíràn wà tí awọ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, tí ti ìta ò lè gba epo yẹn tán. Ohun tí wàá bi wọ́n ni pé: lítà mélòó ni ti ìta yìí lè gbà? Bíríkìlà da kọnkéré sílẹ̀ fún wa, ó jẹ́ kó yọ kọjá ìdí táńkì ní 300 mìlímítà yíká, ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e ní gígùn, ó tún gbé e lé e ní ìbú. Èmi náà dúró tì í, mo ń wò ó.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Èèyàn ò lè kà á kí ara rẹ̀ má bù máṣọ.

Onírin ni tèmi, yàrá abẹ́ ilé ló wà, níbi tí òjò ò ti lè pa á. Mo máa ń kùn ún ní ọ̀dà, ojú rẹ̀ mọ́ bí tuntun. Inú ló ti ń bàjẹ́. Bí táńkì ò bá kún, afẹ́fẹ́ tó wà lókè epo á sẹ ìrì nígbà òtútù. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń lọ, á dà pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Bọ́ílà wa á ṣàdédé kú láàárín òru, oníṣẹ́ á dé, á pààrọ̀ asẹ́, á lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ asẹ́ láìwo táńkì. Ìpara kan wà tí wọ́n fi ń ra igi tí a fi ń wọn epo, tó bá kan omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Mo ki igi náà bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, mo fà á yọ, gíga ìka mẹ́ta ló yí padà.

Àkọ́bí, tó bá jẹ́ onírin lo fẹ́, wò ó bóyá ó ní ibi tí a ti lè tú omi ìsàlẹ̀ dà nù. Bí wọ́n bá ń ro epo sí i, pa bọ́ílà, kí o fún un tó wákàtí kan kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rú sókè lè silẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó ń dùn mí. Ẹni tó ń gbé nítòsí wa ní kí wọ́n gbé táńkì abẹ́ ilé òun kúrò, wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu páìpù tí wọ́n ń gbà ro epo sílẹ̀ lára ògiri. Awakọ̀ epo dé nígbà tí ẹnì kankan ò sí nílé. Fèrè kan máa ń wà ní páìpù afẹ́fẹ́ táńkì: bí epo bá ń wọlé, á máa dún, bó bá ti dákẹ́, ó ti kún. Awakọ̀ yìí ò gbọ́ fèrè rárá, kò sì dúró. Inú yàrá tó ṣófo ló ro gbogbo epo yẹn sí. Ọjọ́ tí táńkì bá jáde, kí páìpù náà bá a jáde.

Aṣọ́lé

Lórí títóbi: a ṣa rìsíìtì epo ọdún méjì jọ, a rí iye tí a ń jó lọ́dún. Táńkì 1,000 lítà ò gba 1,000 lítà tó ṣeé lò, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè, ibi tí epo sì ń gbà jáde kì í sí nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹni tó ń gbé epo wá fún yín kì í bá gbé ohun tí kò tó 500 lítà, àyè 500 gbọ́dọ̀ wà kí èyí tó wà nínú rẹ̀ tó tán. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú. Táńkì inú táńkì sanra. Tiwa dé ẹnu géètì, kò wọlé, wọ́n gbé e padà.

Àkọ́bí

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ yẹ abẹ́ tiwa wò lálẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ bíríkì méjì péré ló dúró lé, òfìfo ni gbogbo àárín. Orí bíríkì yẹn gan-an ni ẹni tó ń tajà ní ká gbé onírọ́bà lé, ó ní kò séwu. Mo wọn géètì, 900 mìlímítà ni. Mo ti pè é pé kó má tíì gbé nǹkan kan wá. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá wo ilẹ̀.