Egbò ẹsẹ̀ ìyá mi kọ̀, kò jiná. Ṣé kí n ra stem cell yìí?

Ọmọ Aláta: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi ti pé 74. Oṣù karùn-ún rèé tí etí àpótí ata ha wọ́n lẹ́sẹ̀, lókè kókósẹ̀, ní apá inú. Kò ju èékánná lọ nígbà náà. Ó ti fẹ̀ tó ìdérí ìgò, etí rẹ̀ ti dúdú, omi ń sun lára rẹ̀, ẹsẹ̀ náà a sì máa wú tó bá di alẹ́. A fi oyin sí i, a tú kápúsù pupa òun yẹ́lò yẹn dà sí i, pàbó ló já sí. Aládùúgbò wa wá gbé páálí kan dé: stem cell èso ápù, sáṣẹ́ẹ̀tì 14, ₦45,000. Wọ́n ní kí Mọ́mì máa dà á sábẹ́ ahọ́n láràárọ̀. Mi ò fẹ́ fowó ṣòfò, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo háwọ́ sí ìyá mi.

Bàbá Ìbejì: Rà á kíá! Ọ̀gá mi lò ó, ara wọn ń dán bíi ti ọmọ tuntun.

Nọ́ọ̀sì Ẹniọlá: Bàbá Ìbejì, egbò là ń sọ, ẹ ń sọ ara dídán. Stem cell wà lóòótọ́: sẹ́ẹ̀lì ni àwọn horo tíntìntín tó para pọ̀ di ara, stem cell sì ni irú èyí tó lè bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun, tó ń bí ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń gbìn sára àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti ṣe é ní UBTH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Benin, ní 2011, fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ládìde. Ti egbò ṣì wà lẹ́nu ìwádìí. Sẹ́ẹ̀lì ápù ò lè di awọ èèyàn láéláé, inú ikùn ló máa dà sí bí ápù tí ẹ fẹnu jẹ.

Ará Texas: Abẹ́rẹ́ stem cell gan-an, ẹ ṣọ́ra. Ní 2018, èèyàn 12 kó kòkòrò àrùn níbí, ní Florida àti ní Arizona, lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ṣe.

Ọmọ Aláta: Háà! Aǹtí Nọ́ọ̀sì, kí wá ni ká ṣe, mà?

Nọ́ọ̀sì Ẹniọlá: Tó bá ti dàgbà, awọ a fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì kì í tètè pín mọ́. Àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kì í mú egbò pẹ́ tó oṣù márùn-ún. Ibi tó wà yẹn àti wíwú alẹ́ ń mú mi fura sí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Látàárọ̀ ni aláta ń jókòó tàbí dúró. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́rí padà, lè ti gbó, ẹ̀jẹ̀ á wá dúró sẹ́sẹ̀. Báńdéèjì tó fún, tí wọ́n wé láti ìka ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, ni oògùn ìyẹn. Ẹ má dá a wé nílé o! Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ mọ́ ti apá, torí bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bá ti dí, báńdéèjì á ba ẹsẹ̀ náà jẹ́. Ẹ yẹ ṣúgà wọn wò. Ẹ jáwọ́ nínú kápúsù, ńṣe ló ń gan lé egbò lórí. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ má fi dù wọ́n.

Ọmọ Aláta *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*: Ṣúgà wọn dáa. Iṣan náà ni. Wọ́n ti wé e, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, etí egbò ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mọ́mì ní ó ń fún òun bí ìró tí wọ́n dè lékè oúnjẹ àjẹyó. Páálí aládùúgbò ṣì wà lórí tábìlì, mi ò tíì mọ ẹnu tí n ó fi dá a padà.