Wọ́n ká igbó mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tójú yín ti rí irú rẹ̀, ẹ bá wa sọ ọ́

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 22 tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ni wọ́n fi páńpẹ́ ọba gbé lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Igbó wíwé kan tàbí méjì ló wà lápò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í gbé báàgì ńlá kan dání. Wọ́n ti fà wọ́n lé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ́wọ́. Ẹnìkan ládùúgbò ní ẹ̀wọ̀n gbére ni, ẹlòmíì ní owó ìtanràn ni wọ́n á san tí wọ́n á fi máa lọ sílé. Màmá wa ò lè jẹun mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbé ìwé òfin lé mi lọ́wọ́, ohun tójú yín rí ni kí ẹ sọ.

Bàbá Akọ̀wé:
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Iṣẹ́ akọ̀wé lọ́yà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí bẹ́ǹṣì kan ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí tí mi ò jókòó sí rí. Àwọn méjèèjì tó bá ọ sọ̀rọ̀ kò parọ́. Ìwé ẹ̀sùn ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá kọ abala 11(c) síbẹ̀, wọ́n ní ọmọ náà ń fi ṣòwò ni, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni òfin là kalẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ abala 19, wọ́n ní wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lásán ni: ọdún 15 sí 25. Wàá ní kí ló wá jẹ́ lásán nínú ìyẹn! Òfin tí ìjọba Babangida ṣe ní 1989 ni. Kokéènì, heroin àti LSD ló dárúkọ, ó wá ní àti oògùn mìíràn tó bá jọ wọ́n. Ibẹ̀ ni igbó gbà wọlé. Títí dòní, bí wọ́n bá ń ka ẹ̀sùn igbó sí ènìyàn létí, wọ́n á ní oògùn tó jọ kokéènì, heroin àti LSD ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé òfin kọ́ ni adájọ́ máa ń dá ní gbogbo ìgbà. Lórí igbó díẹ̀, mo ti gbọ́ oṣù mẹ́fà, mo ti gbọ́ ọdún kan tàbí owó ìtanràn, mo sì ti gbọ́ ọdún méjì láìsí owó ìtanràn, lẹ́nu adájọ́ kan náà. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ yẹn ti máa ń ṣẹlẹ̀ tán kí adájọ́ tó fojú kan ẹni náà.

Tẹ́tí sí èyí dáadáa. Ní ọ́fíìsì wọn, ojú ẹni tí wọ́n mú ló yẹ kí wọ́n ti gbé nǹkan náà sórí ìwọ̀n. Wọ́n á bù díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á kán oògùn àyẹ̀wò sí i, wọ́n á máa wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí. Wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á wá bù díẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, ẹni náà á sì buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi dì í. Ọ̀rá yẹn ló ń lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìwọ̀n tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ló máa bá a dé kóòtù, kò sí ẹkún tó lè yí i padà. Bí wọ́n bá da tàbúrò rẹ pọ̀ mọ́ ti oníbáàgì, tí òun náà sì buwọ́ lù ú, ẹrù gbogbo wọn ló máa rù wọ kóòtù. Kí lọ́yà débẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kí ó ní kí wọ́n wọn tẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Màmá Abẹ́òkúta:
Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, ẹ sọ fún màmá yín kí wọ́n jẹun, ọ̀nà náà gùn. Tọmọ tèmi kì í ṣe igbó, tírámọ́ ni, oògùn ìrora tramadol, ti mílígíráàmù 225. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè ní gáréèjì kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ ó rí i rà bí ẹni ra bisikíìtì. Káàdì mélòó kan ni wọ́n bá lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ó ju èyí tí ẹnìkan á dá lò, wọ́n kọ òwò sí i lọ́rùn.

Lọ́yà wa kì í ṣe aláriwo. Ó lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé kí wọ́n yọ òwò kúrò, kí ọmọ mi gbà pé òun jẹ̀bi pé wọ́n bá a lọ́wọ́ òun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí abẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Adájọ́ ṣì bi ọmọ náà léèrè fúnra rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú un.

Ó ku ohun kan. Kí wọ́n tó mú un ló ti ń lọ sí Arò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, tíì ti dà sí i lára, etí rẹ̀ kan ti ya. Ojú ń tì mí láti mú un wá sí kóòtù. Lọ́yà ní kí n gbé e wá bẹ́ẹ̀. Ó gbé e fún akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé gbé e fún adájọ́, adájọ́ wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn déètì tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wá ni bóyá ìtọ́jú náà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n mú un, tàbí ó jẹ́ ohun tí a sáré lọ ṣe torí ẹjọ́. Ó ṣáájú. Adájọ́ ka gbogbo ìgbà tí ọmọ náà ti lò látìmọ́lé mọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ìyókù ò tó nǹkan.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n á ní àwọn mọ ọ̀gá. Wọn ò mọ ọ̀gá kankan. Owó lọ́yà yín ni wọ́n fẹ́ jẹ.

Bàbá Akọ̀wé:
Màmá, ẹ ṣeun. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, ACJA, ló gbe ọmọ yín níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka ìgbà àtìmọ́lé mọ́ ẹ̀wọ̀n, ó sì ní kí adájọ́ má fi ìjìyà tó ga jù jẹ ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Òfin yẹn náà ló ní wọn ò gbọdọ̀ mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Àwọn lọ́yà kan wà tí wọ́n á kàn dìde, wọ́n á ní "a bẹ kóòtù kó ṣàánú", wọ́n á jókòó. Àánú wo? Ẹ sọ ohun tí òfin sọ!

Dọ̀tun Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ní London níbí, fóònù ló kó bá ọmọ àbúrò bàbá mi. Òfin 1971 tiwọn pín oògùn sí A, B àti C. Igbó wà ní B. Bí o bá ní i lọ́wọ́ fún ìlò ara rẹ, ọdún 5 ni òpin rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ń fi ìkìlọ̀ lásán sílẹ̀. Bí o bá ń fún ẹlòmíì, ó di ọdún 14. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dá owó jọ ni, òun á lọ rà á wá fún gbogbo wọn. Kò jèrè kọ́bọ̀. Wọ́n ṣí fóònù, wọ́n bá "mú tèmi bọ̀ o" níbẹ̀, ó parí. Òfin níbí ò bìkítà bóyá o gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ tàbí o ò gbà, bí o bá ti fún un, o ti pín in.

Adájọ́ gbà pé kì í ṣe oníṣòwò, ó dín in kù fún un, ṣùgbọ́n ó ṣì lé ní oṣù 12. Oṣù 12 yẹn ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí kò ní páásì ibí gbọ́dọ̀ mọ̀, torí òfin 2007 ní kí wọ́n dá àjèjì tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ padà sílé, àfi bí ó bá ní ìdí pàtàkì. Ṣàgámù ló wà báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbí. Ẹ bi àbúrò yín ohun tó wà lórí WhatsApp rẹ̀, kó sọ òótọ́ fún lọ́yà, kí lọ́yà má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ ní kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:
Ẹ ṣé gan-an o. Lọ́yà ti débẹ̀. Wọ́n wọn tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò tó giramu 20. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn, pé òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fà á lé wọn lọ́wọ́ dípò kóòtù. A ò tíì mọ̀.

Jagun Àgége:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wá ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe bọ́ ni? Ládùúgbò mi, ọmọ ọdún 15 ń fa kólọ́rádò, irú igbó líle kan, lójú ìyá rẹ̀. Kí wọ́n yìnbọn fún díẹ̀ nínú wọn, kálukú á jáwọ́.

Bàbá Akọ̀wé:
Jagun, ohun tó ń bí ọ nínú ń bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yìnbọn rí. Ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn gbé Òfin 20 jáde ní 1984. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta lórí oògùn olóró, òfin náà sì mú ohun tí wọ́n ti ṣe kó tó jáde. Ọ̀kan nínú wọn, Bartholomew Owoh, ọmọ ọdún 26 ni. Ariwo ta, nígbà tó di 1986 wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣé oògùn wá tán nígboro? Ìwádìí 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní àwọn tó lo oògùn lọ́nà àìtọ́ ní Nàìjíríà láàrin ọdún kan tó mílíọ̀nù 14.3. Ní oṣù karùn-ún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa pa àwọn tó ń fi ṣòwò. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi kọ̀ǹténà kó o wọlé kò bẹ̀rù ìbọn, torí ó mọ̀ pé ọmọ mẹkáníìkì ló máa kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Alhaja Òṣogbo:
Ẹ ò tíì sọ ti ẹrù ẹlẹ́rù. Nígbà tí mo fẹ́ lọ Úmúrà, aládùúgbò wa kan gbé àpò kékeré wá, ó ní kílíṣí àti ẹ̀lùbọ́ ni fún àbúrò òun ní Jẹ́dà. Ó ti fi tépù wé e yípo yípo. Mo ní kó tú u níwájú mi, kí n fọwọ́ ara mi tún un dì. Ó ní ṣé mo fi òun pe ọ̀daràn ni. Mo ní rárá o, àmọ́ Sáúdí ni mò ń lọ, pípa ni wọ́n ń pa ẹni tó bá kó oògùn olóró wọbẹ̀. Òfin tiwa níbí ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ní i lọ́wọ́ ló jẹ̀bi. Ó dáa, ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ní Jẹ́dà pé mi ò mọ̀?

Ẹ rántí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Kánò ìparí 2018. Pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀, tírámọ́ ló wà nínú rẹ̀. Oṣù mélòó kan ló lò látìmọ́lé Sáúdí, ìgbà tí wọ́n rí àwọn tó ṣe é mú nílé níbí, tí ìjọba sì dá sí i, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 2019.

Aládùúgbò mi ò tú àpò náà. Ó gbé e, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí mo bá kí i ní mọ́ṣáláṣí báyìí, kì í dáhùn. Kó máa bínú lọ, èmi ti dé láti Mẹ́kà ní tèmi.