Ọdún Kìíní ní Yunifásítì l'Ókè Ọya: Ohun Tó Ń Dí Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́

Àwa Yorùbá mẹ́ta tó ń gbé l'Òkè Ọya la kọ èyí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Láti Kúbwà, Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀yin òbí wọn, ẹ kú oríire. Kó tó kan ìwé kíkà, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ́ ìwé WAEC, ìwé JAMB àti NIN sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwa Yorùbá máa ń jìyà èyí gan-an: Oluwaseun níbì kan, Seun níbòmíràn, orúkọ bàbá wà níwájú nínú ọ̀kan, ó bọ́ sẹ́yìn nínú èkejì. Kọ̀ǹpútà kì í bi yín bóyá ẹnì kan náà ni, ńṣe ló máa kọ̀ ọ́. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ló ń tún ti NIN ṣe, JAMB ló ń tún tirẹ̀ ṣe. Ẹ parí rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà nílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ CAPS, ìyẹn ojú ewé JAMB tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní ààyè, kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ pé òun gba ààyè náà, kó tó tẹ ìwé ìgbaniwọlé jáde. Ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ ńkọ́? Ọmọ Ọ̀ṣun tí wọ́n bí sí Kánò, ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ nílé ni yóò fún un. Ìrìn àjò nìyẹn, kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé kọ̀ọ̀kan ní márùn-ún, kí ojúlówó wọn wà nínú fáìlì tí omi kò lè wọ̀.

Yíyan kọ́ọ̀sì lórí portal, ìyẹn ojú ewé yunifásítì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ fọ́ọ̀mù jáde, kí level adviser, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn ọmọ ọdún rẹ̀ sọ́nà, àti olórí ẹ̀ka buwọ́ lù ú, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹni tó ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún, máàkì rẹ̀ kò níbi tí yóò bọ́ sí.

Owó yíyá NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, náà wà láti 2024. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí yunifásítì, ₦20,000 lóṣooṣù sì wà fún bùkátà ọmọ, kò sì ní èlé. Níbẹ̀ náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bára mu yóò ní wàhálà.

Láti Zaria

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti máàkì, torí ibẹ̀ gan-an lomi ti ń pọ̀ ju ọkà lọ.

Ní yunifásítì, 70 sókè ni A, póìntì 5. B bẹ̀rẹ̀ láti 60, póìntì 4. C láti 50, póìntì 3. D láti 45, póìntì 2. E láti 40, póìntì 1. F kò ní nǹkan kan. Ẹ ó fi yúníìtì kọ́ọ̀sì (ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan) sọ póìntì rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó wá fi àpapọ̀ yúníìtì pín in. Ohun tó bá jáde ni GPA ọmọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ìṣirò, yúníìtì 3, ọmọ gba B: 12. GST (ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí gbogbo ọmọ ń ṣe), yúníìtì 2, A: 10. Kẹ́mísírì, yúníìtì 3, C: 9. Práktíkà físíìsì, yúníìtì 1 péré tí ọmọ fojú kéré, F: òfo. Àpapọ̀ 31, ẹ fi 9 pín in, 3.44 ni. Ká ní ó gba D péré nínú práktíkà yẹn, 33 ni ìbá jẹ́, ìyẹn 3.67. Ibi tí Second Class Upper, ipò kejì nínú àwọn ìpele digírì, ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 ni. Yúníìtì kan ṣoṣo yẹn ló fà á sísàlẹ̀.

Práktíkà kò sì ṣeé kó jọ kà lóru ọjọ́ ìdánwò. Ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kò bá wá ti lọ nìyẹn. Tó bá di carry-over, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí ọmọ kùnà tó ní láti tún ṣe, ó lè bọ́ sí wákàtí kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì ọdún kejì. Ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ wọ kíláàsì pẹ̀lú: tí kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè ní kó má jókòó ìdánwò.

Láti Sabon Gari, Kánò

Ẹ kú àlàyé o. Ti oúnjẹ àti ìlera ni n ó fi kún un.

Gàárì àti èlùbọ́ ni kí ọmọ gbé láti ilé. Àlùbọ́sà, tòmátì, ẹ̀wà, ẹ má wulẹ̀ gbé e, ilẹ̀ wọn la wà. Mudu tàbí tiya ni wọ́n fi ń wọn nǹkan níbí bí ẹ ṣe ń lo kóńgò nílé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀wà, ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ òkìtì, ẹ bu díẹ̀, ẹ wò ó bóyá kòkòrò ti lu ú, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń ta sí imú bí oògùn kòkòrò, ẹ fi í sílẹ̀. "Nawa ne?" ni "Èló ni?", "rage mini" ni "bá mi dín in kù". Ɗari ni ọgọ́rùn-ún, dubu ni ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó mọ ìwọ̀nyí, ọjà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Omi lè wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, torí eruku. Láti Nófẹ́ḿbà títí wọ Fẹ́búárì, ọyẹ́ ń mú gan-an lóru: bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, súẹ́tà, bàsélíìnì fún ètè àti ẹsẹ̀.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni àìsàn tí dókítà ń pè ní meningitis, tó máa ń jà l'Ókè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yàrá tí èèyàn kún inú rẹ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa ló ń ràn án lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ara gbígbóná, orí fífọ́ líle, ọrùn tó gan débi pé àgbọ̀n kò lè kan àyà, ojú tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀: ẹ má lo paracetamol kí ẹ wá máa retí ilẹ̀ tó máa mọ́. Òru ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí kílíníìkì. Kí ọmọ ti gba káàdì kílíníìkì yunifásítì ní ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá mọ ibi tó fi í sí.